Ẹ má fi àwòrán ṣe ìdánwò fún àgbàlagbà tí iyè rẹ̀ ń rà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ tó wà l'Ékòó àti lókè òkun ló ń ra fóònù ńlá ránṣẹ́ sílé báyìí, pé kí wọ́n máa fi àwòrán han Màmá tàbí Bàbá tí iyè wọn ti ń rà. Fóònù ọ̀hún ò ṣẹ̀ wá. Bí wọ́n ṣe ń lò ó la fẹ́ bá yín sọ. Wọ́n á gbé àwòrán síwájú àgbàlagbà, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í bi í pé, "Ta nìyí? Ṣé ẹ rántí ọjọ́ yìí?" Kò rántí, ojú tì í. Tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò ní wo nǹkan kan mọ́, ilé á sì máa wí pé àìsàn náà ló ń le sí i. Àìsàn kọ́. Ìdánwò ló sá fún.

Ilé ọnà MoMA ní New York bẹ̀rẹ̀ ìjókòó àwòrán wíwò tiwọn lọ́dún 2006: ẹni tó ní dìmẹ́ńṣíà, ìyẹn àrùn iyè rírà yìí, àti ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ á jọ jókòó síwájú iṣẹ́ ọnà díẹ̀, wọ́n á jọ sọ ohun tí wọ́n rí. Nígbà tí Kòrónà dé lọ́dún 2020, ọ̀pọ̀ ilé ọnà gbé irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìyẹn gan-an ló bá wa lára mu, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ gbé ìyá arúgbó láti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí ilé ọnà tó wà ní Oníkan, kó bá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ pàdé lọ́nà, kó tún máa wá ilé ìgbẹ́ kiri.

Àwọn kan á ní àrùn òyìnbó ni. Ìwádìí tí wọ́n ṣe nílùú Ìbàdàn, tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2001, fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún Yorùbá tó ti pé ọmọ ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bíi 1.35 ló ń kó o lọ́dọọdún. Láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis ní Amẹ́ríkà, 3.24 ni. Tiwa kéré sí tiwọn, àmọ́ ó wà. "Ó ń ṣarán" tí à ń sọ lẹ́nu kò lé e lọ.

Ká sọ òótọ́ látìbẹ̀rẹ̀: àwòrán wíwò kò wo àrùn yìí sàn, kò sì dá iyè padà. Ohun tó ń ṣe ni pé ara á yá àgbàlagbà, á sọ̀rọ̀, ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ á sì rí i bí èèyàn lẹ́ẹ̀kan sí i, kì í ṣe bí iṣẹ́. Ìyẹn pọ̀ tó.

Àwòrán méjì tàbí mẹ́ta ti tó fún ogójì ìṣẹ́jú. Ẹni tó bá gbé mẹ́wàá wá kò ní fi ẹyọ kan hàn. Kí àwòrán ní èèyàn kan tàbí ohun kan gbòógì, kí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ gedegbe sí ti ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí àrùn yìí máa ń jẹ́ kó ṣòro fún ojú láti ya ohun tó jọra sọ́tọ̀. Àwòrán Ojúde Ọba dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí wọ́n yà láti òkè, tí ẹgbẹ̀rún fìlà kún inú rẹ̀. Ẹṣin kan, ẹni kan lórí rẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́. Aina Onabolu tí wọ́n bí ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́dún 1882 ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage lọ́dún 1906: irú rẹ̀ là ń wá, ojú èèyàn kan ṣoṣo tí àgbàlagbà lè bá sọ̀rọ̀. Aṣọ Ìjẹ̀bú wà lórí ìkànnì British Museum. Ilé ọnà Metropolitan ní New York sì ti yọ̀ǹda ọ̀kẹ́ àìmọye àwòrán rẹ̀ láti ọdún 2017 kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́fẹ̀ẹ́.

Àwọn kan wà tí a kì í gbé wá. Ẹdan Òṣùgbó, egúngún, ohunkóhun tó jẹ mọ́ orò: ilé ọnà òyìnbó kún fún wọn, ṣùgbọ́n ìyá tí wọ́n ti kìlọ̀ fún láti kékeré pé kò gbọdọ̀ wò ó kò ní mọ̀ pé àwòrán lásán ni. Ẹ̀rù á bà á títí di alẹ́. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí iṣẹ́ ara rẹ̀ wẹ́wẹ́ náà ńkọ́? Ó lẹ́wà, àmọ́ irú dìmẹ́ńṣíà kan wà tí wọ́n ń pè ní Lewy body, tó máa ń jẹ́ kí èèyàn rí ohun tí kò sí níbẹ̀. Ẹni bẹ́ẹ̀ lè rí kòkòrò tó ń rìn lára aṣọ. Ibi dúdú gbàràmù ní ìsàlẹ̀ àwòrán lè dà bí ihò lójú rẹ̀.

Ó wá ku ẹ̀rọ. Fóònù kéré jù fún ojú ọmọ ọgọ́rin ọdún. Ẹ kó àwòrán sínú fláàṣì, kí ẹ fi í sí ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n. Púpọ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ ló ń ka fọ́tò, kò jẹ dátà kankan. Ẹ pa èyí tó ń yí àwòrán fúnra rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ẹṣin á lọ, ìyá á máa bèèrè ibi tó gbà. Tó bá jẹ́ orí WhatsApp lẹ ti fẹ́ fi àwòrán ránṣẹ́, ẹ fi í ránṣẹ́ bíi document. Tó bá lọ gẹ́gẹ́ bíi fọ́tò lásán, WhatsApp á fún un pọ̀, ojú èèyàn inú rẹ̀ á ṣú.

Ìpàdé fídíò orí Zoom ọ̀fẹ́ máa ń já lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú, èyí kò sì burú, kò yẹ kó jù bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìpàdé oníwákàtí kan lè jẹ tó gígábáìtì kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nẹ́tíwọ̀kì a sì máa ṣe ségesège. Ọ̀nà tó rọ̀ jù lójú tiwa ni pé kí àwòrán ti wà nílé ṣáájú, lórí tẹlifíṣọ̀n tàbí kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà A4, kí ẹ wá fi ìpè fóònù lásán darí ìjókòó, lórí ẹ̀rọ tó gbóhùn sókè. Bí wọ́n bá mú iná lọ, ti bébà ṣì wà níbẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá lo Zoom, ìdílé mẹ́rin sí mẹ́fà, kó má jù bẹ́ẹ̀. Ẹ tẹ àwọn àmì tótótó mẹ́ta tó wà lára àwòrán ara yín, kí ẹ yan "Hide Self View". Ẹni tí iyè rẹ̀ ń rà lè má mọ ojú ara rẹ̀ mọ́, á máa bi yín pé ta ni ìyá àgbà tó ń wo òun yẹn, kí ló dé tí kò kí òun. Fóònù méjì kò gbọdọ̀ wà nínú ìpàdé kan náà nínú yàrá kan, ohùn á máa padà bọ̀ wá. Ẹ má jókòó kí fèrèsé máa tàn sójú gíláàsì.

Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ló dára jù, lẹ́yìn oúnjẹ, lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n ti tọ̀, tí ẹ sì ti nu awò ojú wọn. Láti ìrọ̀lẹ́ lọ, ọkàn ọ̀pọ̀ wọn kì í balẹ̀ mọ́. Ẹni tó ń darí á kí ẹnì kọ̀ọ̀kan lórúkọ, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú oríkì tó bá mọ̀ ọ́n. Tí gbogbo ilé bá ń kíra lẹ́ẹ̀kan náà, ariwo lásán ni. Èdè ńkọ́? Èdè tí èèyàn kọ́ gbẹ̀yìn ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ. Tíṣà tó ti fi gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ fún ọgbọ̀n ọdún lè má gbọ́ ju Ìjẹ̀bú ìyá rẹ̀ lọ mọ́. Ọmọ Èkó tó ń darí kó wá ẹni tó gbọ́ ọ dáadáa sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ gbé àwòrán kalẹ̀, kí ẹ dákẹ́ fún odidi ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà, "Màmá, kí lẹ rí níbẹ̀?" Ẹ kà á dé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ikùn yín kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Ìdáhùn ń bọ̀, ọ̀nà ló jìn. Ọ̀pọ̀ ìwé ní kí ẹ tún béèrè pé kí lẹ rí tẹ́ ẹ fi sọ bẹ́ẹ̀. Fún ẹni tí àrùn náà ti wọ̀ lára, ìyẹn ti le jù, bí ẹjọ́ ló ń rí létí wọn. "Ẹ fọwọ́ tọ́ ọ fún mi" sàn jù, tàbí kí ẹ fún wọn ní méjì kí wọ́n mú kan: ṣé inú ẹni yìí dùn ni, àbí ó ti rẹ̀ ẹ́?

Ká ní ẹṣin Ojúde Ọba la gbé kalẹ̀, tí Màmá sì ní, "Màlúù ni." Ẹ má ṣe tún un ṣe. "Ẹ ẹ̀ rí i bí wọ́n ṣe ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́?" Níbẹ̀ lẹ ó ti gbé aṣọ òkè tí ẹ ti múra sílẹ̀ lé wọn lọ́wọ́. Àtàǹpàkò á máa lọ lórí ojú òwú, á padà, á tún lọ. Ẹni tí kò lè sọ ọjọ́ tí òní jẹ́ lè fọwọ́ pa á kó ní ẹtù ni, kì í ṣe sányán. Tí wọ́n bá bú sórin, ẹ bá wọn gbè é, kí àwòrán dúró ná. Tí wọ́n bá rí ọmọdé nínú àwòrán tí wọ́n ń bèèrè ọmọ tiwọn tó ti kú, ẹ má sọ fún wọn pé ó ti kú. Bí ẹni pé òní ló kú ni wọn ó ṣe gbọ́ ọ. "Irú ọmọ wo ni?" Kí ẹ gbọ́ ọ tán. Tí wọ́n bá ń tòògbé tàbí wọ́n yíjú, ó parí nìyẹn, kódà bó bá jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré la lò.

Ẹni tó ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ jù ni ọmọ tó ń dáhùn fún ìyá rẹ̀. Ẹni tó sì ń jókòó bí ère ni ọmọọ̀dọ̀ tó ń fi ọjọ́ gbogbo wẹ ìyá, tó rò pé ìpàdé àwọn ọ̀gá òun ni. Ẹ bi òun náà léèrè ohun tó rí. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe ká ohùn tàbí fídíò wọn sórí sítátọ́ọ̀sì. Ẹlẹ́ya la fi ń ṣe ẹni tó ń ṣarán lórí íntánẹ́ẹ̀tì wa, ó sì ti tó.

Olóòtú, ohun tá a fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín rèé, nítorí àwọn ilé tí kò ní dátà. Ẹ bá wa tẹ àwòrán kan lóṣù, kó gba ojú ewé kan pátá: èèyàn kan tàbí ohun kan, àwọ̀ tó hàn, kí ọ̀rọ̀ má sí lára rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àlàyé àti ìbéèrè wà ní ojú ewé mìíràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe tẹ ìkéde òkú sí ẹ̀yìn rẹ̀. Bébà yín fẹ́lẹ́, ó máa ń hàn.

Àwa tí à ń tọ́jú àgbàlagbà,
Ìjẹ̀bú-Òde àti Ṣágámù