Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́, kó tó lọ gun ìgbì ní Samoa

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo rí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ pé o ti ra tíkẹ́ẹ̀tì sí Samoa, orílẹ̀-èdè erékùṣù inú òkun Pàsífíìkì, pé etíkun gúúsù erékùṣù Upolu lo máa kọ́kọ́ dé kí o tó sọdá sí erékùṣù Savai'i. Inú mi dùn sí i. O ti mọ ìgbì gùn, mi ò ní kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dìde dúró lórí bọ́ọ̀dù. Ṣùgbọ́n Tarkwa Bay ní Èkó lo ti kọ́ ọ, iyanrìn ló sì wà lábẹ́ omi níbẹ̀. Ẹni tó bá ṣubú sórí iyanrìn á gbọn ara rẹ̀ nù, á tún padà wọlé. Àpáta iyùn, òkúta tí àwọn ẹ̀dá abẹ̀mí inú òkun mọ, ló wà lábẹ́ omi ibi tí ò ń lọ yìí, ó mú bí ìgò tó fọ́, ilé ìwòsàn sì jìnnà sí i. Nítorí náà, má wọ omi níbi tí o kò bá tíì mọ ọ̀nà tí o máa gbà jáde. Torí èyí ni mo ṣe jókòó kọ lẹ́tà yìí.

Kọ́kọ́ mọ bí erékùṣù náà ṣe rí. Òkè ayọnáyèéfín ló hù ú jáde láti ìsàlẹ̀ òkun, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ga sókè lójijì. Níbi tí ilẹ̀ abẹ́ omi bá ti ń ga díẹ̀díẹ̀, ìgbì á ti máa fẹsẹ̀ wọ́ ilẹ̀ láti òkèèrè, agbára rẹ̀ á ti dín kù kó tó dé etíkun. Ní Upolu, ìgbì tí ìjì bí ní òkun tútù lápá gúúsù New Zealand á rin ojú ibú wá láìfara kan nǹkan kan, àfi ìgbà tó bá kọlu àpáta. Gbogbo agbára tó gbé rìn ló máa dà síbi kan ṣoṣo. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ìgbì máa ń ya nígbà tí jíjìn omi bá jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po 1.3 gíga rẹ̀. Lórí àpáta tó ga lójijì, ó máa ń pẹ́ kó tó ya, omi tó wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà yẹn lè má jìn tó gíga ìgbì fúnra rẹ̀ mọ́. Ohun tó ń mú kí ìgbì ibẹ̀ lẹ́wà náà ló ń mú kó léwu.

Bí o bá ń ka àsọtẹ́lẹ̀ ojú òkun, má wo gíga nìkan. Wo iye ìṣẹ́jú àáyá tó wà láàárín ìgbì kan sí èkejì. Mítà 1.5 ní ìṣẹ́jú àáyá 9 jẹ́ eré ọmọdé. Mítà 1.5 kan náà ní ìṣẹ́jú àáyá 16 lè ga ju orí rẹ lọ dáadáa nígbà tó bá kan àpáta. Irú ìgbì tí wọ́n jìnnà síra bẹ́ẹ̀ máa ń rìn ní ọ̀wọ́-ọ̀wọ́, ọ̀wọ́ náà á máa sáré ní nǹkan bí kìlómítà 45 ní wákàtí kan lójú ibú, omi sì lè parọ́rọ́ fún ìṣẹ́jú 15 tàbí 20 láàárín ọ̀wọ́ kan sí òmíràn. Ìparọ́rọ́ yẹn ló ń tan àlejò. Á dé, á rí omi tó dákẹ́, á fò wọlé, á wà á lọ sí ojú ibi tí ìgbì ti ń ya, ọ̀wọ́ tó kàn á sì bá a níbẹ̀.

Nítorí náà, jókòó kí o wò. Ìṣẹ́jú 40 ni mo fún ọ, kò gbọ́dọ̀ dín, kí o sì rí ọ̀wọ́ méjì ó kéré tán. Ka iye ìgbì tó wà nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Wo èyí tó tóbi jù, ṣé àkọ́kọ́ ni àbí ìkẹta. Wo ibi tí omi ti ń hó lójú kan náà nígbà gbogbo, orí iyùn kan ló yọ síbẹ̀ lábẹ́. Wo ibi tí ìgbì parí sí: ṣé inú omi jíjìn ni, àbí ó ń wó sórí àpáta tó gbẹ? Ìgbì tó bá parí sórí àpáta gbígbẹ, o gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀ kó tó dé òpin, bó ti wù kó dùn tó.

Wàá rí i pé àpáta iyùn yí erékùṣù ká bí ọgbà, ọ̀sà sì wà láàárín òun àti ilẹ̀. Níwájú ẹnu odò ni ọgbà yẹn sábà máa ń já, torí iyùn kò fẹ́ omi dídùn àti ẹrẹ̀ tí odò ń gbé wá. Etí àlàfo bẹ́ẹ̀ ni ìgbì tó dára jù máa ń wà. Àlàfo yẹn náà ni ojú ọ̀nà rẹ, ṣùgbọ́n mọ ìwà rẹ̀. Gbogbo omi tí ìgbì ń dà kọjá orí àpáta sínú ọ̀sà, ibẹ̀ ló máa gbà padà sókun. Bí ìgbì bá ṣe tóbi tó ni ìṣàn náà ṣe máa le tó. Á gbé ọ jáde wẹ́rẹ́, o lè má wà á rárá. Nígbà tí o bá fẹ́ wọlé padà tó sì ti rẹ̀ ọ́, òun kan náà ló máa dojú kọ ọ́. Ẹ̀gbẹ́ àlàfo ni kí o gbà, níbi tí ìṣàn ti fúyẹ́, má dúró ní àárín. Tàbí kí o san owó fún ọlọ́kọ̀ ojú omi kó dúró dè ọ́ níbẹ̀. Èyí ni mo fẹ́ jù, pàápàá níbi tí àpáta bá ti jìnnà sí ilẹ̀.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín omi kíkún àti omi fífà kò ju nǹkan bíi mítà kan lọ ní Samoa. Má sọ pé kékeré ni. Níbi tí omi orí àpáta kò ti ju mítà kan àti ààbọ̀ lọ, mítà kan ni gbogbo ọ̀rọ̀. Wọlé nígbà tí omi bá ti kún dé ìdajì tó ṣì ń kún, kí o sì jáde kó tó fà dé ìdajì. Òwúrọ̀ kùtù ló dára jù, torí afẹ́fẹ́ gúúsù-ìlà-oòrùn máa ń dìde bí oòrùn bá ti ń ga, á sì fọ́ ojú ìgbì káàkiri.

Bí o bá ti dé ibi tí ìgbì ti ń ya, wá àmì méjì lórí ilẹ̀ tó wà lórí ìlà kan náà, bí igi àgbọn kan àti góńgó òkè kan lẹ́yìn rẹ̀. Wá méjì mìíràn sí ẹ̀gbẹ́. Máa yẹ̀ wọ́n wò lẹ́yìn ìgbì kọ̀ọ̀kan. Ìṣàn máa ń gbé èèyàn kúrò lójú kan láìfura, mítà mẹ́wàá péré ló sì wà láàárín ibi tó dára àti ibi tí ìgbì ti máa wó lé ọ lórí.

Bí o ṣe máa ṣubú ṣe pàtàkì ju bí o ṣe máa dìde lọ. Má forí sọlẹ̀ láé, má sì jẹ́ kí ẹsẹ̀ ṣáájú. Na ara sílẹ̀ pẹrẹsẹ, fi ẹ̀yìn tàbí ẹ̀gbẹ́ lu omi, tẹ́ apá àti itan káàkiri kí o má bàa rì jìn. Bí o bá ti wà lábẹ́ omi, fi apá méjèèjì bo orí àti ọrùn, ká ara jọ díẹ̀, kí o sì dúró. Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Ẹni tó bá ń jà lábẹ́ omi á jẹ gbogbo èémí rẹ̀ tán láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ìgbì kan kì í sì sábà di èèyàn mú ju 10 sí 15 lọ. Má fẹsẹ̀ tì ìsàlẹ̀ láti gbéra, ẹsẹ̀ rẹ ló máa ya. Bí o bá ń yọ sókè, na ọwọ́ kan síwájú orí, torí bọ́ọ̀dù rẹ lè wà lókè rẹ gan-an.

Bí ọ̀wọ́ bá bá ọ láàárín ibi tí ìgbì ti ń ya àti ilẹ̀, tó sì ń tì ọ́ lọ sórí àpáta, má ta kú pé o fẹ́ padà síta. Dojú bọ́ọ̀dù dé kí lẹbẹ rẹ̀ (èyí tó yọ lábẹ́ rẹ̀ bíi ti ẹja) kọjú sókè, dùbúlẹ̀ lé e, di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú, kí o jẹ́ kí ìfófó gbé ọ kọjá sínú ọ̀sà. Lẹbẹ tó kọjú sísàlẹ̀ á há mọ́ iyùn, á sì ta ọ́ síwájú. Bí omi bá ti dé orúnkún, má dìde rìn. Fi ọwọ́ àti bọ́ọ̀dù rẹ máa léfòó títí omi fi jìn. Okùn ẹsẹ̀, èyí tó so bọ́ọ̀dù mọ́ ọ lẹ́sẹ̀, náà lè há mọ́ àpáta nígbà tí omi ń fà ọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí o máa fi ojú dídì tú u nílé, ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì, títí ọwọ́ rẹ fi mọ ibi tí etí rẹ̀ wà.

Gbogbo ìmúra yìí kò sọ pé o kò ní fara gbọgbẹ́. O máa fara gbọgbẹ́. Ohun tí ń ba nǹkan jẹ́ níbẹ̀ ni ọgbẹ́ kékeré tí wọ́n fojú tẹ́ńbẹ́lú. Ẹ̀rún iyùn máa ń há sínú ẹran ara, pẹ̀lú àwọn kòkòrò àìfojúrí inú òkun, ooru ibẹ̀ kì í sì jẹ́ kó gbẹ. Ọjọ́ kan náà ni kí o tọ́jú rẹ̀, kí o tó jẹun. Fi omi mímọ́ tó pọ̀ ṣàn án fún ìṣẹ́jú márùn-ún ó kéré tán. Fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ̀ ọ́, yóò dùn ọ́, má dáwọ́ dúró. Fi ẹ̀mú kékeré yọ ohun tó bá kù, fi áyódínì sí i, kí o sì bò ó. Wọ́n lè ní kí o fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Ó ń ta bí iná, ṣùgbọ́n kò lè fọ ohun tó há sínú kúrò. Máa tú u wò lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Bí pupa rẹ̀ bá ń tàn kálẹ̀, bí ó bá gbóná, bí ọyún bá yọ, bí ilà pupa bá ń gòkè lọ lára apá tàbí ẹsẹ̀, tàbí bí ara rẹ bá gbóná, kúrò nínú omi, gba ilé ìwòsàn Moto'otua ní Apia lọ, tàbí ti Tuasivi bí o bá wà ní Savai'i. Sọ fún dókítà pé inú òkun lo ti fara gbọgbẹ́, torí oògùn tó ń pa kòkòrò òkun lè yàtọ̀ sí ti ọgbẹ́ orí ilẹ̀. Gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì kí o tó lọ bí ìgbà tó o gbà á kẹ́yìn bá ti tó ọdún márùn-ún.

Ẹja kan wà níbẹ̀ tó jọ òkúta, ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀ ní oró. Bí o bá tẹ̀ ẹ́, ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná tí ọwọ́ tí kò ní ìrora lè gbà, nǹkan bí 45°C, fún ìṣẹ́jú 30 sí 90. Ooru ló ń ba oró náà jẹ́. Lẹ́yìn náà, ilé ìwòsàn.

Ẹrù rẹ: bọ́ọ̀dù méjì, okùn ẹsẹ̀ mẹ́ta, lẹbẹ àpọ̀jù pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ìda ti omi gbígbóná tí a ń fi pa ojú bọ́ọ̀dù kí ẹsẹ̀ má bàa yọ̀ (omi ibẹ̀ tó 27 sí 29°C, ti omi tútù á yọ́), rẹ́sínì tí oòrùn ń mú le láti fi dí ihò bọ́ọ̀dù, bàtà omi, akoto, àti ẹ̀wù omi alápá gígùn. Mo mọ̀ pé o kò fẹ́ràn akoto. Wọ̀ ọ́.

Kò sí ibà ẹ̀fọn tiwa ní Samoa, ṣùgbọ́n ibà dẹ́ńgì wà, ọ̀sán sì ni ẹ̀fọn rẹ̀ ń jẹni. Bí ara bá gbóná, parasitamọ́ọ̀lù ni kí o lò, má lo asipirín-ìn tàbí ibuprofen, torí wọ́n lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ya. Àwọn ará Samoa kò sì gbàgbé ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án 2009, nígbà tí ilẹ̀ mì láàárọ̀, tí omi òkun sì ya wọ gúúsù Upolu láìpẹ́, tó pa èèyàn tó lé ní 140. Bí ilẹ̀ bá mì pẹ́, fi bọ́ọ̀dù sílẹ̀, gòkè lọ.

Àwọn onílẹ̀ ńkọ́? Bíi ti ilẹ̀ ẹbí nílé wa ló rí, ẹbí ló ni nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ Samoa, matai sì ni olórí ẹbí. Etíkun tí o máa gbà kọjá ní ẹni tó ni ín. Kí wọn ní "talofa", tọrọ àyè, san tala, owó ibẹ̀, tí wọ́n bá bù lé ọ, kí o sì fi "fa'afetai" dúpẹ́. Ró aṣọ mọ́ ìdí bí o bá ń gba àárín abúlé kọjá. Ní ìrọ̀lẹ́, bí agogo àdúrà bá dún, dúró síbi tó o wà títí wọn á fi parí. Ọ̀pọ̀ abúlé kò gbà kí ẹnikẹ́ni gun ìgbì lọ́jọ́ Ìsinmi, má bá wọn jiyàn lé e. Nínú omi pẹ̀lú, jẹ́ kí ọmọ ìlú gba ìgbì tirẹ̀ ṣáájú, má sì já wọ iwájú ẹni tó sún mọ́ ojú ibi tí ìgbì ti ń ya jù ọ́ lọ.

Ní Savai'i, àpáta dúdú pọ̀ létí omi, torí òkè ayọnáyèéfín Matavanu tú iná láti 1905 dé 1911, òkúta yíyọ́ rẹ̀ sì ṣàn dé òkun lápá àríwá. Má bẹ́ láti orí irú àpáta bẹ́ẹ̀ sínú omi bí ọmọ ìlú kan kò bá kọ́kọ́ fi ibi tó ń gbà hàn ọ́.

Ka iye ọjọ́ tí ìwé adójútòfò rẹ bò, kí o sì rí i pé wọ́n kọ gbígbé aláìsàn jáde ní orílẹ̀-èdè sínú rẹ̀ kedere. Tí o bá ti bá ọlọ́kọ̀ ojú omi ṣàdéhùn, fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú orúkọ abúlé tí o máa sùn. Lójoojúmọ́ tí o bá fẹ́ wọ omi, sọ fún ẹnì kan lórí ilẹ̀ wákàtí tí o máa jáde, kí o sì jáde ní wákàtí yẹn.

Èmi ni,
Bàbá rẹ