Lẹ́tà sí Ìyá Dárà

Kúbwà, Àbújá
Ọjọ́ 23, oṣù kọkànlá

Ìyá Dárà, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú ìjọ́ mẹ́ta. Òtútù ọ̀hún ńkọ́? Ṣé Dárà ti ń fi imú sọ Gẹ̀ẹ́sì báyìí? Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ ìwé yìí, ojú ló ń tì mí. O sì mọ̀ pé láti ìgbà ọ̀rọ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì Ìlọrin, n kì í jẹ́wọ́ bọ̀rọ̀.

Nínú oṣù kẹsàn-án, òjò kan rọ̀ lóru, gọ́tà kún, omi wọ yàrá Maman Hauwa. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo wa jáde pẹ̀lú ṣọ́bìrì. Kí la bá lẹ́nu gọ́tà? Pámpáàsì! Ó ti mu omi yó, ó wú bòǹbò, àwọn tó ti bẹ́ ń da nǹkan roboto kan jáde bí ẹyin ọ̀pọ̀lọ́. Ni ariwo bá ta: ta ló ń ṣe irú èyí? Ọ̀bùn wo nìyí? Èmi gan-an ni ohùn mi ròkè jù. Mo tiẹ̀ ṣépè díẹ̀. Àfi bí Baban Hauwa ṣe fi ṣọ́bìrì gbé ọ̀kan sókè, mo rí ọ̀rá búrẹ́dì aláwọ̀ yẹ́lò, pẹ̀lú kókó méjì tí mo máa ń ta sí i lẹ́nu. Mo dákẹ́ bí ẹni tó gbomi sẹ́nu. Títí di òní, wọn ò mọ̀.

Bẹ́ẹ̀ mo sì ń sanwó fún ọmọ tó ń fi bárò kó ilẹ̀! Mo rò pé Gósà ló ń lọ, níbi tí wọ́n ń da pàǹtí ìlú sí. Ẹ̀yìn ilé lásán ló ń yí i dé, á dà á sójú àgbàrá. N kò lè bínú sí i tán. Ta ló fẹ́ ti bárò láti Kúbwà dé Gósà?

Ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Mẹ́fà lójúmọ́ nígbà tí Tómi wà ní jòjòló, 180 lóṣù kan nìyẹn, ọmọ kan ṣoṣo o. Bí a sun ún, èéfín ike ni. Bí a sin ín, ajá á hú u, lẹ́búlẹ́bú inú rẹ̀ tó ń mu ìtọ̀ yẹn kì í sì í jẹrà bọ̀rọ̀.

Mo wá lọ wá ìwádìí tí o fi ránṣẹ́ nígbà tí o bí Dárà, èyí tí àjọ àyíká ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní 2008. Mo ti kà á báyìí, dákun má rẹ́rìn-ín. Mo ti rò pé nápí aláṣọ ti borí pámpáàsì láìjà. Wọ́n ní rárá, bí a ṣe fọ̀ ọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹni tó ń fi omi gbígbóná janjan fọ̀ ọ́, tó tún ń fi ẹ̀rọ gbẹ ẹ́, kò ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ ìfọṣọ bá kún dáadáa, tí a sá a síta, tí àbúrò tún wọ ti ẹ̀gbọ́n, èéfín tó ń mú ayé gbóná á fi nǹkan bí 40 nínú 100 dín kù. Èwo ni ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ níbí? Ọyẹ́ ti dé. Bí mo bá sá nápí láàárọ̀, kí n tó gbé ọbẹ̀ ọ̀sán kalẹ̀, ó ti gan bíi pánla.

Omi ni wàhálà. Bọ́họ̀ wa ti ń fa yẹ̀pẹ̀, mẹ́ruwà sì ti mọ̀ mí lójú, bó bá ti rí mi, owó á gun òkè. Nítorí náà, mo ń kọ́kọ́ gbọn ìgbẹ́ dà sí ṣáláńgá, mo ń fi omi ìwẹ̀ Tómi ṣan án, mo ń kó o jọ fún ọjọ́ méjì kí n tó fọ̀ ọ́ papọ̀. N kò sì fi omi olóòórùn dídùn tó ń mú aṣọ rọ̀ sí i bí o ṣe kìlọ̀, kó má bàa kọ̀ láti mu ìtọ̀. Ìró àgbà méjì àti tówẹ́ẹ̀lì kan ni mo gé fi ṣe nápí. Mẹ́jọ péré ló jẹ́. Kì í tó di àfẹ̀mọ́jú.

Màmá Ọ̀fà ń fi mí rẹ́rìn-ín lórí fóònù. Wọ́n ní àwọn máa ń na ẹsẹ̀ méjèèjì ni, wọ́n á gbé ọmọ jòjòló jókòó lé ọrùn ẹsẹ̀ láàárọ̀, wọ́n á ṣe "ṣíìì" sí i létí, ó parí. "Ọmọ ọdún kan àbọ̀, ẹ ṣì ń dì í bíi mọ́ínmọ́ín?" Mo bá lọ ra pó. Bó bá jí, a jókòó. Bó bá jẹun tán, a jókòó. Á jókòó bí ọba, á dìde ní gbígbẹ, á lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn lọ tọ̀ ọ́ síbẹ̀. Lọ́jọ́ Túsìdeè, inú bàtà dúdú bàbá rẹ̀ ló tọ̀ sí, láàárọ̀ ọjọ́ tó fẹ́ lọ rí ọkùnrin kan nípa iṣẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni, n kò tíì sọ fún ọ. Láti oṣù kẹjọ ni wọ́n ti ní kí bàbá Tómi lọ sinmi ná níbi iṣẹ́. Sálúbàtà ló wọ̀ lọ rí ọkùnrin náà. Wọn ò tíì pè é.

Kúnlé ti gbéyàwó, kì í ṣe èyí tí a mọ̀. Eyín tó ń dà mí láàmú, mo ti yọ ọ́. Wọ́n ti yan olórí akọrin, kì í ṣe èmi.

Nápí Dárà ńkọ́, àwọn tó ní bọ́tìnì yẹn? Bí o bá ṣì ní wọn, ṣé ẹ̀gbọ́n rẹ lè fi há ẹrù rẹ̀ nígbà tó bá ń bọ̀ wá sọdún? Bí rọ́bà rẹ̀ ti dẹ̀, màá pààrọ̀ rẹ̀. Má fi owó há a láàárín, mo mọ̀ ọ́. Bí Màmá mi bá sì pè ọ́, ọ̀rọ̀ àyíká ni kí o sọ o, má dárúkọ iṣẹ́ rárá.

Tómi ti dákẹ́ jù lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Jẹ́ kí n lọ wò ó.

Èmi ni tìrẹ,
Ìyá Tómi