Kí ìwé ìgbìmọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn tó dé, ìṣúná ti dòfin

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Àwọn tó ń kọ̀wé nípa ìgbìmọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ìlú, ìyẹn èyí tí ìjọba ìlú gbé kalẹ̀ láti máa bójú tó ẹ̀tọ́ ará ìlú, sábà máa ń fi ariwo wọ̀n ọ́n: ṣé ó bá mẹ́yọ̀, olórí ìjọba ìlú, wí, àbí kò bá a wí? Èmi ò rò pé ibẹ̀ ni ìṣòro wà. Ìgbìmọ̀ lè pariwo títí ohùn á fi há. Bí ìwé rẹ̀ bá dé lẹ́yìn tí ìṣúná ti dòfin, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Irú ìgbìmọ̀ méjì ló wà, wọ́n sì máa ń pa wọ́n pọ̀. Ti New York jẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba ìlú fúnra rẹ̀. Ó ní agbẹjọ́rò àti olùwádìí tirẹ̀. Owó ìtanràn tí òfin gbà á láàyè láti bù lé ẹni tó bá jẹ̀bi títẹ ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn lójú lè tó 125,000 dọ́là, ó sì lè di 250,000 bí ó bá hàn pé ẹni náà mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ti Seattle, ìlú mìíràn ní Amẹ́ríkà, tó ti wà láti 1963, ará ìlú tí kì í gbowó oṣù ló jókòó síbẹ̀. Ìmọ̀ràn ni wọ́n ń gba mẹ́yọ̀ àti àwọn aṣòfin, ọ́fíìsì mìíràn nínú ìjọba ìlú ló ń wádìí ẹ̀sùn. Ẹni tó bá ń bínú pé irú kejì yìí ò bu ìtanràn lé ẹnikẹ́ni, ohun tí òfin ò fi sí i lọ́wọ́ ló ń béèrè.

Àsìkò ni agbára ìgbìmọ̀ agbaninímọ̀ràn. Iléeṣẹ́ ìjọba ìlú kọ̀ọ̀kan máa ń kó ìbéèrè owó rẹ̀ jọ ní oṣù mélòó kan ṣáájú kí ìwé ìṣúná tó dé iwájú aṣòfin. Nígbà tí wọ́n bá pe ará ìlú wá sọ tẹnu wọn, èyí tó kù láti pín kò tó nǹkan. Nígbà tí ọ̀gá iléeṣẹ́ ṣì ń kọ ìbéèrè owó tirẹ̀ ló yẹ kí lẹ́tà ìgbìmọ̀ ti wà lórí tábìlì rẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ ju ojú ewé méjì lọ: iléeṣẹ́ tí iṣẹ́ náà kàn, òfin tó gbé e ró, iye tí yóò náni, ọjọ́ tí wọ́n ń retí èsì. ‘A rọ ìjọba kí ó mú ìdọ́gba gbilẹ̀’ kì í ṣe ìmọ̀ràn rárá. Kò sí òṣìṣẹ́ tó lè gbà á tàbí kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí ẹ̀ka tó ń bójú tó ilé gbígbé tú fọ́ọ̀mù rẹ̀ sí èdè mẹ́ta kí ọdún ìṣúná tuntun tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ní láti fèsì. Kí òfin sì fún wọn ní gbèdéke, bí 60 ọjọ́, láti fèsì náà lákọsílẹ̀.

Ẹ̀sùn tó bá kan ìjọba ìlú fúnra rẹ̀ ló le jù. Agbẹjọ́rò ìlú tó ń gba ìgbìmọ̀ nímọ̀ràn náà ni yóò tún gbèjà iléeṣẹ́ tí wọ́n fẹ̀sùn kàn. Àfi kí òfin là á sílẹ̀ pé agbẹjọ́rò láti ìta ni ìgbìmọ̀ yóò lò, kí wọ́n sì ti ya owó rẹ̀ sọ́tọ̀ ṣáájú. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ẹni tí wọ́n ń wádìí ni wọ́n á ti máa tọrọ owó ìwádìí. Àwọn àjọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti orílẹ̀-èdè ni wọ́n torí wọn ṣe Ìlànà Paris tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tẹ́wọ́ gbà ní 1993, ṣùgbọ́n ohun tó sọ nípa owó àti òmìnira bá ti ìlú mu.

Ní ti ilé yíyá, ọgbọ́n tí New York ń lò dára. Òfin ibẹ̀ kò jẹ́ kí onílé kọ ayálégbé nítorí pé ìjọba ló ń bá a san nínú owó ilé. Kí wọ́n lè mọ onílé tó ń rú òfin náà, wọ́n á rán ẹni méjì lọ béèrè ilé kan náà. Ẹni kan á ní ìjọba ń ran òun lọ́wọ́, èkejì ò ní sọ bẹ́ẹ̀. Kí iye tó ń wọlé fún àwọn méjèèjì jọra, kí wákàtí mélòó kan péré wà láàárín wọn. Bí ẹnì kejì bá lọ lọ́jọ́ kejì, onílé á ní ilé ti lọ, kò sì sẹ́ni tó máa já a nírọ́. Kí oníkálukú kọ ohun tí wọ́n sọ fún un sílẹ̀ kí ó tó bá èkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀, torí ibẹ̀ gan-an ni agbẹjọ́rò onílé máa ń fojú sí.

Ọdún kan ni wọ́n fún ẹni tó fẹ́ fẹjọ́ sùn ní ìgbìmọ̀ New York, mẹ́ta bó bá jẹ́ ìfìtínà níbi iṣẹ́ nítorí akọ tàbí abo. Àwọn kan á máa dúró de ọ̀gá wọn kó bá wọn yanjú ẹ̀, ọjọ́ á sì máa lọ.

Àga òfìfo náà ń pa ìgbìmọ̀ lára. Bí mẹ́yọ̀ ò bá yan ẹni tuntun, iye tó yẹ kó pé ò ní pé, ìpàdé ò sì ní lè pinnu ohunkóhun. Kí òfin jẹ́ kí ẹni tí sáà rẹ̀ parí ṣì máa jókòó títí wọ́n á fi yan arọ́pò.

Bí akọ̀ròyìn yín bá tún fẹ́ kọ nípa ìgbìmọ̀ kan, kí ó béèrè ìwé méjì: àkọsílẹ̀ àwọn tó wá sípàdé láàárín ọdún kan, àti gbogbo ìmọ̀ràn tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ìjọba, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ àti ọjọ́ tí èsì dé.

Òǹkàwé yín