Àdùkẹ́, Tètè Máa Sọ̀ Kalẹ̀

Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn
Oṣù Keje

Àdùkẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Òjò ni kò jẹ́ ká rímú mí láti ìjẹta, aṣọ tí mo sá kò gbẹ. Àwọn fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ dé ọwọ́ mi, mo sì ti wò wọ́n títí. Láti ọjọ́ tí mo ti ń kọ́ ọmọ ní jọ́gíráfì, n kò tíì rí ẹni tí mo mọ̀ kó dúró lórí yìnyín Òkè Rainier ní ìpínlẹ̀ Washington, Amẹ́ríkà, nínú oṣù Keje, kó wọ ṣẹ́ẹ̀tì alápá péńpé, kó de pátákó síkì méjì tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí yìnyín mọ́ ẹ̀yìn tí ṣónṣó wọn yọ kọjá orí rẹ̀.

Mo ní kí wọ́n bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara pátákó ní kíláàsì. Ariwo sọ! Ọmọkùnrin kan nawọ́, ó ní, "Mà, ṣé oòrùn kì í dé ibẹ̀ ni?" Ìbéèrè yẹn dùn mọ́ mi, torí oòrùn ń dé ibẹ̀, ó tilẹ̀ ń ta ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Mo ṣàlàyé fún wọn pé bí èèyàn bá ti ń gòkè, ní ẹgbẹ̀rún mítà kọ̀ọ̀kan, ooru ń fi nǹkan bíi dígírì 6.5 dín kù. Paradise, ibi tí ẹ ti ń bẹ̀rẹ̀ ìrìn lára òkè yẹn, fi nǹkan bíi 1,650 mítà ga ju òkun lọ. Camp Muir, ibùdó tí ẹ ń gùn lọ lórí òkè náà, jẹ́ 3,105. Òkè tó ga jù ní Nàìjíríà, Chappal Waddi ní ìpínlẹ̀ Tàrábà, 2,419 ni. Ibi tí ẹ ó ti jókòó mu omi ga ju gbogbo ilẹ̀ wa lọ, Rainier fúnra rẹ̀ sì tún lọ sókè títí dé nǹkan bíi 4,390.

Ṣùgbọ́n òtútù nìkan kọ́. Yìnyín tó ń bọ́ níbẹ̀ lásìkò òtútù pọ̀ débi pé oòrùn ìgbà ooru kò lè yọ́ ọ tán. Láti 1971 wọ 1972, gbogbo èyí tó bọ́ ní Paradise, tí a bá rò ó pọ̀, lé ní mítà 28. Ilé ìṣọ́ Láyípo tó wà lórí Òkè Aàrẹ níbí kò ga tó bẹ́ẹ̀! Bí mo ṣe sọ ọ́ ni wọ́n ń wojú ara wọn.

O ní àwọn kan ń bi ọ́ pé kí ló dé tí ẹ ò lọ sí Mount Hood ní Oregon, níbi tí ẹ̀rọ ti ń gbé èèyàn lọ sórí yìnyín Palmer nígbà ooru. Èmi ò ní bi ọ́. Mo mọ̀ ọ́ láti kékeré: bí a bá ń lọ sí Màpó, àtẹ̀gùn ni wàá gbà, wàá ti dókè kí àwa tó dé ìdajì. Wákàtí mẹ́rin, márùn-ún, ni ẹ ó fi gun òkè yẹn, sísọ̀ rẹ̀ kì í sì í tó wákàtí kan. Ẹni tó bá ní èrè ibẹ̀ kò tó làálàá rẹ̀, kò tíì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun nǹkan kan rí. Mo wà lẹ́yìn rẹ gbágbáágbá lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ohun tí àwọn ọmọ fẹ́ràn jù ni awọ tí ẹ ń lẹ̀ mọ́ abẹ́ síkì. Fọ́tò tí o yà á súnmọ́ tòsí yẹn dára púpọ̀. A rí irun tó sùn sí apá ẹ̀yìn, tí síkì fi lè yọ̀ lọ síwájú tí kò sì lè yọ̀ padà. Mo sọ fún wọn pé awọ ẹran omi tí wọ́n ń pè ní seal ni wọ́n ń lò láyé àtijọ́, pé nínáílọ́ọ̀nù tàbí irun ewúrẹ́ Angora ló kù báyìí. Wọ́n tún fẹ́ mọ bí ọkọ rẹ ṣe ń ṣe é pẹ̀lú snowboard, pátákó kan ṣoṣo tí ẹsẹ̀ méjèèjì ń dúró lé. Nígbà tí mo ní ó máa ń là á sí méjì láti fi gòkè, tí yóò sì tò ó pọ̀ padà lókè, wọn ò gbà mí gbọ́. Jọ̀ọ́, ní kó ya fídíò rẹ̀ fún wa.

Wàyí o, ohun tí mo torí rẹ̀ kọ̀wé gan-an nìyí, Àdùkẹ́: aago. Yìnyín ìgbà ooru ń yọ́ lọ́sàn-án, ó ń dì padà lóru. Ní kùtùkùtù ó máa ń le koránkorán, ẹsẹ̀ ò ní lè dúró lórí rẹ̀ láìsí irin eléyín lábẹ́ bàtà. Bí oòrùn bá ti wá ràn án díẹ̀, òkè rẹ̀ á tú sí hóró wẹ́wẹ́, bíi gààrí Ìjẹ̀bú tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. Àsìkò tó dùn ún síkì nìyẹn, kì í sì í pẹ́. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, gbogbo rẹ̀ á di ṣàkàṣàkà, síkì á máa rì, orúnkún á máa lọ́, ibi tó bá sì dà gẹ̀ẹ́rẹ́ lè ya lulẹ̀ lódindi. Nítorí náà, ẹ gbéra kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ fẹnu kò lórí aago tí ẹ ó yí padà kí ẹ tó kúrò nínú mọ́tò, tí aago náà bá sì lù, ibi yòówù kí ẹ dé, ẹ yí padà. Ọkọ rẹ lè fẹ́ ní ó ku díẹ̀. Má gbà fún un.

Kùrukùrù náà ń bà mí lẹ́rù. Kò sí igi lórí pápá yìnyín tí ẹ ń gbà lọ sí Camp Muir, kò sí ọ̀nà tó hàn. Bí kùrukùrù bá bò ó, ilẹ̀ á funfun, ọ̀run á funfun, ẹni tó bá sì ní òun kàn ń tọ gẹ̀ẹ́rẹ́ lọ lè já sórí glacier Nisqually, odò yìnyín ńlá tó ń rọra ṣàn sísàlẹ̀, níbi tí yìnyín ti la ẹnu sílẹ̀. Àwọn èèyàn ti kú lórí pápá yẹn. Ẹ fi GPS sàmì sí ọ̀nà bí ẹ bá ṣe ń gòkè, ẹ sì mú kọ́ńpáàsì dání, torí bátìrì kì í pẹ́ nínú òtútù.

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ọ́ pé oòrùn kì í jó aláwọ̀ dúdú. Yìnyín ń da ìtànṣán padà láti ìsàlẹ̀. Fi ìpara sí abẹ́ imú àti abẹ́ àgbọ̀n, má sì bọ́ awò ojú rẹ rárá.

Yìnyín tó pọ́n nínú fọ́tò kejì, ọmọbìnrin kan ní ẹ̀jẹ̀ ni. Ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín ló ń hù nínú rẹ̀, mọ̀lẹ́bí ohun aláwọ̀ ewé tó ń lẹ̀ mọ́ inú tánńkì omi wa ni. Àwọ̀ pupa yẹn ló fi ń dáàbò bo ara rẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn. Wọ́n tún bi mí bóyá ọmọ Nàìjíríà kankan ń ṣe irú eléyìí, inú mi sì dùn láti dárúkọ Samuel Ikpefan, tó fi síkì ṣojú wa ní Òlíńpíìkì Beijing ní 2022.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Ní Bòlífíà, glacier Chacaltaya, níbi tí àwọn èèyàn ti ń síkì ní ibi tó ga ju 5,000 mítà lọ, yọ́ tán pátápátá ní 2009. Ti Kilimanjaro nílẹ̀ Áfíríkà níbí náà ń dín kù. Torí náà, máa dúró sójú kan náà lọ́dọọdún, kí o ya fọ́tò òkè yẹn fún mi. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí wọ́n fi ojú ara wọn rí i.

Mo yà kí Màmá ní Òkè-Àdó lọ́jọ́ Àìkú. Ara wọn le. Mo fi fọ́tò hàn wọ́n, wọ́n wò ó, wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé ìgbà tí o bá sọ̀ kalẹ̀ tán ni kí o pe àwọn, kó má ṣe jẹ́ ìgbà tí o bá dókè.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àjọkẹ́