Kì í ṣe gbogbo ìdákẹ́jẹ́ àgbà ni ọjọ́ ogbó

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ní ilẹ̀ Okun níbí, ní Ìpínlẹ̀ Kogi, bí bàbá tàbí ìyá àgbàlagbà bá ń jókòó sínú yàrá láti àárọ̀ dalẹ́, tí kò jẹun bó ṣe yẹ, tí kò sì fẹ́ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ohun tí a máa ń sọ ni pé ọjọ́ ogbó ló dé. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ nípa ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin ní Búnú, ó sì ń dùn mí títí di òní, nítorí àìsàn ìsoríkọ́, ìyẹn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tí kì í lọ bọ̀rọ̀, ló ń ṣe wọ́n.

Ahunṣọ ni wọ́n. Lẹ́yìn ikú ọkọ wọn, wọn kò fọwọ́ kan òwú mọ́, títí aláǹtakùn fi ta sí ara òfì tí wọ́n fi tọ́ ọmọ márùn-ún. Ẹ̀yìn ń dùn wọ́n, oorun sì ń dá lójú wọn láti ọ̀gànjọ́. A gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn, wọ́n fún wọn ní oògùn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bi wọ́n léèrè bí ọkàn wọn ṣe rí. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan ni mo bá oògùn ìfúnpá náà lábẹ́ ìrọ̀rí, odindi. Wọ́n ní, "Kí ni mo tún fẹ́ fi ṣe?"

Àìsàn ìsoríkọ́ ni. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje, onímọ̀ nípa ìlera ọpọlọ, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ láti Ìbàdàn ṣe ìwádìí láàárín àwọn tó ti pé ẹni ọdún 65 sókè ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá, Kogi wà lára wọn, wọ́n sì rí i pé ìdá 26.2 nínú ọgọ́rùn-ún ni ìsoríkọ́ ti ṣe rí láyé wọn, tí ìdá 7.1 sì ní in láàárín ọdún kan ṣoṣo. Ọdún 2007 ni àbájáde yìí jáde, síbẹ̀ a ṣì ń pè é ní ogbó.

Ẹni tí kò sùn kì í ní agbára láti wẹ̀. Ẹni tí kò jẹun yóò rù, yóò máa ṣubú. Ẹni tí kò lo oògùn ìfúnpá kò jìnnà sí àrùn rọpárọsẹ̀. Ní tiwa, ìbẹ̀rù ajínigbé tún ti lé ọ̀pọ̀ àgbà kúrò lóko, níbi tí wọ́n ti ń bá ẹgbẹ́ wọn pàdé lójoojúmọ́, àwọn ọmọ sì wà ní Àbújá àti Èkó.

Ìwòsàn wà fún un. Nígbà tí dókítà kan ní Lọ́kọ́ja fara balẹ̀ bá ìyá wa sọ̀rọ̀, tó sì fún wọn ní oògùn tó bá a mu, ó gba oṣù bíi mélòó kan kí wọ́n tó tún jókòó sídìí òfì, ṣùgbọ́n wọ́n jókòó.

Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìjọba ìbílẹ̀ wa: bí ẹ bá ti ń wọn ìfúnpá àgbàlagbà, ẹ bi wọ́n bóyá, láti bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ọkàn wọn ń rẹ̀wẹ̀sì, tàbí ohun tó ń dùn mọ́ wọn tẹ́lẹ̀ kò dùn mọ́ wọn mọ́. Ẹ̀yin ọmọ tó wà lẹ́yìn odi, bí ẹ bá pe ilé, kí ìbéèrè yín má parí síbi bóyá owó ti wọlé. Ẹ béèrè ẹni tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ lánàá.

Olùkàwé yín,
Kàbbà, Ìpínlẹ̀ Kogi