Ẹjọ́ fídíò ọmọdé: ẹ gbọ́ tẹnu bàbá yín kẹ́ ẹ tó máa pariwo "appeal"

Ẹ̀yin ọmọ mi ní Ìkòròdú, ará Sábó, ará Ẹbúté, ará Ìgbógbó, mo kí yín o. Mo ń gbọ́ tẹ́ ẹ ń sọ pé ẹ̀wọ̀n tí wọ́n ń dá fún ẹni tí wọ́n bá fídíò ìhòòhò ọmọdé nínú fóònù ẹ̀ ti pọ̀ jù, pé ṣebí kò fọwọ́ kan ọmọ ẹnì kankan, kó ṣáà gba kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lọ, wọ́n á bá a dín in kù. Ẹ rọra o.

Òfin Cybercrimes tọdún 2015, ìyẹn òfin Nàìjíríà lórí ìwà ọ̀daràn orí ẹ̀rọ ayélujára, abala 23, ló sọ̀rọ̀ lórí èyí. Ẹni tó bá ní irú fídíò bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, ẹ̀wọ̀n ẹ̀ lè tó ọdún 5, tàbí kó san fáìnì tó lè tó mílíọ̀nù 10 náírà, tàbí kó jẹ méjèèjì pọ̀. Ẹni tó bá yà á tàbí tó pín in, ọdún 10, tàbí fáìnì tó lè tó mílíọ̀nù 20 náírà, tàbí méjèèjì pọ̀. Fáwọ́dù tẹ́ ẹ sì ń ṣe lórí WhatsApp yẹn, pínpín ni, bó ti wù kẹ́ ẹ kọ "ẹ wo ìwà ìkà" sábẹ́ ẹ̀.

Ti appeal wá ńkọ́? Ẹ̀tọ́ ẹni tí wọ́n dá ẹjọ́ fún ni, kẹ́ ẹ má bú lọ́yà tó bá a gbé e. Àmọ́ "mi ò ṣe é" yàtọ̀ sí "mo ṣe é, ìyà ẹ̀ ló wúwo". Tẹ́ ẹ bá gba ti ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí, àwọn adájọ́ òkè ò ní bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ látìbẹ̀rẹ̀, ohun tí wọ́n máa wò ni bóyá adájọ́ àkọ́kọ́ kọjá ohun tófin sọ, bóyá kò ka àwọn nǹkan tó yẹ kó kà sí, bíi pé ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi náà ò rú òfin rí, pé ó gbà pé òun jẹ̀bi láìfi àsìkò kóòtù ṣòfò. Tí ìyà ò bá ti pọ̀ kọjá ààlà, wọn ò ní torí pé màmá ẹ̀ ń sunkún kí wọ́n yí i padà. Èmi ò sì rò pé ó burú kí wọ́n ya ọmọkùnrin tí wọ́n fi nǹkan ránṣẹ́ sí, tó kàn tọ́jú ẹ̀, sọ́tọ̀ sí ẹni tó ń ya ọmọ aládùúgbò ẹ̀ ní fídíò tó ń tà á. Tí adájọ́ bá dà wọ́n pọ̀, kí lọ́yà sọ ọ́ síta. Ṣùgbọ́n ọmọ inú fídíò yẹn ńkọ́, kóòtù wo lòun fẹ́ lọ kí wọ́n dín tiẹ̀ kù, nígbà tó jẹ́ pé gbogbo ìgbà tẹ́nì kan bá tún ṣí i ló ń tún ìyà náà jẹ?

Ẹ tún gbọ́ èyí tí púpọ̀ nínú yín ò mọ̀: kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lágbára láti dín ẹ̀wọ̀n kù, ó sì lágbára láti fi kún un. Àwọn míì ti ń múra ayẹyẹ kí wọ́n tó dé ibẹ̀!

Tí irú fídíò bẹ́ẹ̀ bá já sí gúrúùpù yín, ẹ má fi ránṣẹ́ sẹ́nì kankan, àní torí kí wọ́n lè mú ẹni tó ṣe é, ẹ lọ sọ fún ọlọ́pàá tàbí DSVA, àjọ ìjọba Èkó tó ń gbógun ti ìwà ipá nínú ilé àti ìfipábánilòpọ̀, kẹ́ ẹ sì jáde nínú gúrúùpù náà. Tó bá sì jẹ́ pé ẹbí yín kan ti wà nínú irú ẹjọ́ yìí báyìí, Federal High Court, kóòtù gíga ti ìjọba àpapọ̀, ló ń gbọ́ ẹjọ́ òfin yìí, kì í ṣe kóòtù Ìkòròdú wa níbí, 90 ọjọ́ péré sì lẹ ní láti pe kò-tẹ́-mi-lọ́rùn látọjọ́ ìdájọ́. Ẹ gbé ìwé ìdájọ́ tọ lọ́yà lọ, ẹ bi í tààrà: "Ṣé wọn ò ní fi kún un?"