Lẹ́tà sí ọmọ mi tí kò ní rántí ìgbà ooru yìí

Ọmọ mi, okùn ọrùn mi,

Mo fẹ́ kí o rí lẹ́tà yìí nígbà tí o bá ti mọ̀wé kà dáadáa, tí o sì ti ní sùúrù láti jókòó ti ọ̀rọ̀ ìyá rẹ. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni ọ́ báyìí. Gbogbo ohun tí à ń ṣe lásìkò ọlidé yìí pátá, bóyá ni ọ̀kan nínú wọn yóò kù lọ́kàn rẹ. Bí a ṣe dá ọmọ ènìyàn nìyẹn. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni kò rántí ohunkóhun tó ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó pé nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́ta àtààbọ̀. Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé o rántí wọn nísinsìnyí! O lè jókòó sórí ẹsẹ̀ mi kí o sọ bí ẹ̀gbọ́n rẹ ṣe yọ̀ ṣubú sínú omi, aṣọ tó wọ̀, igbe tó ké. Gbogbo rẹ̀ wà lọ́kàn rẹ digbí. Ẹ̀yìn ọ̀la ni yóò máa yọ́ lọ.

Patricia Bauer àti Marina Larkina, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, gbé ìwádìí kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 2014. Wọ́n ní kí àwọn ìyá bá ọmọ wọn tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta sọ̀rọ̀ nípa ohun tí ojú ọmọ náà ti rí láìpẹ́, wọ́n sì gba ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan wọ́n padà lọ bi àwọn ọmọ náà. Àwọn tí wọ́n bi nígbà tí wọ́n wà láàárín ọdún 5 sí 7 ṣì rántí ìdá 60 nínú 100, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ títí wọ́n fi pé ọdún 8 tàbí 9 kò rántí tó 40 nínú 100. Èmi tí mo rò pé àtikékeré ni nǹkan kì í ti í dúró lọ́kàn ọmọ, mo wá rí i pé ó ń dúró, pé ìgbà tí ọmọ bá ń dàgbà gan-an ló ń gbàgbé.

Nítorí náà, jẹ́ kí n sọ díẹ̀ fún ọ.

Lọ́sàn-án gangan, tí oòrùn bá wà lókè orí, o máa ń dúró wo ilẹ̀ yí ẹsẹ̀ rẹ ká, wàá ní òjìji rẹ ti wọ inú bàtà. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, tí òjìji náà nà gbọọrọ, inú rẹ á dùn pé ó ti jáde, wàá wá máa sáré kí o lè tẹ orí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bàbá rẹ fẹ́ ṣàlàyé fún ọ lọ́jọ́ kan. Mo ṣẹ́jú sí i pé kó fi ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ní tirẹ̀ béèrè bóyá oòrùn ló sún mọ́ wa tí ooru fi mú tó báyìí. Ọ̀pọ̀ àgbà ló rò bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje, nínú ìgbà ooru wa gan-an níhìn-ín ní àríwá ayé, ni ayé máa ń jìnnà sí oòrùn jù lọ lọ́dún, nǹkan bíi mílíọ̀nù 152 kìlómítà; ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìn-ín-ní ló ń sún mọ́ ọn jù, nǹkan bíi mílíọ̀nù 147. Ayé kò nàró ni. Ó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan ní ìwọ̀n nǹkan bíi digírì 23.4, apá tó bá sì tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ oòrùn ni ìtànṣán ń bọ́ lé lórí tààrà, tí ojúmọmọ ibẹ̀ ń gùn. Ìdí nìyẹn tí apá gúúsù ayé fi ń gba ooru tirẹ̀ nígbà tí òtútù bá ń mú àríwá. Bàbá yín fi tọ́ọ̀ṣì àti bọ́ọ̀lù ṣe é fún yín nínú yàrá tí a ti paná. Ẹ̀gbọ́n rẹ lóye rẹ̀ kíá. Ìwọ ní apá ibi tó ṣókùnkùn lára bọ́ọ̀lù náà ń sùn, o sì bá gbogbo wa wí pé kí a má pariwo.

Èmi náà ti ṣe ọmọdé rí. Ìrántí tí mo fẹ́ràn jù ni ti ọjọ́ kan létí òkun. Mo wà lórí èjìká bàbá mi, mo di irun orí rẹ̀ mú, oòrùn ń ta mí lójú. Mo ti ń sọ ọ́ káàkiri kí n tó wá sọ ọ́ níṣojú ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ó ní kò rí bẹ́ẹ̀ o, òun ni Bàbá gbé, pé ilẹ̀ ni èmi wà tí mò ń sunkún. La bá kọjú sí Màmá. Màmá rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní Bàbá ò tilẹ̀ sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, pé àbúrò àwọn tó jẹ́ ọkùnrin ló kó wa lọ, tó ń gbé wa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Mi ò ju ìrántí náà nù. Mo fi àbúrò Màmá sínú rẹ̀, ọkùnrin tí mi ò mọ̀ rárá pé ó fẹ́ràn wa tó bẹ́ẹ̀, inú mi sì ń dùn sí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Àwọn tí ìtàn ìdílé ṣe pàtàkì sí máa ń mú nǹkan bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ìwádìí kan jáde ní 2000 láti New Zealand, tó fi hàn pé ìrántí àkọ́kọ́ àwọn Māori, ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀, sábà máa ń jẹ́ ti ìgbà tí wọn kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta, ó sì yá ju ti àwọn yòókù tí wọ́n jọ dáhùn ìbéèrè lọ. Àwọn onímọ̀ so ó mọ́ ọwọ́ pàtàkì tí wọ́n fi ń mú ọ̀rọ̀ àná láàárín ara wọn.

Ìyẹn ni mo ṣe ń yọ ọ́ lẹ́nu lálaalẹ́. Tí a bá ti wẹ̀ ọ́ tán, tí ilẹ̀ kọ̀ tí kò ṣú, màá ní kí o sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lónìí. O lè bẹ̀rẹ̀ lórí omi kí o parí rẹ̀ sórí ajá aládùúgbò, mi ò ní dá ọ dúró, “kí ló tún ṣẹlẹ̀?” ni màá máa sọ. Bauer náà rí i pé àwọn ọmọ tí ìyá wọn jẹ́ kí wọ́n máa tọ́ ọ̀rọ̀ lọ síbi tó wù wọ́n ló ní ìrántí tó kún jù lẹ́yìn náà. Àwọn òbí mìíràn ń sá sókè sá sódò kí ìrìn àjò lè kún inú ọlidé ọmọ wọn, wọ́n ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n tí a bá lọ tí a bọ̀, tí ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́ mọ́, ọmọ ò ní mú un dàgbà. Àwòrán rẹ kún fóònù mi. Kò sí ọ̀kan níbẹ̀ tó lè sọ pé òjìji rẹ wọ inú bàtà.

Má gba ọ̀rọ̀ mi nìkan. Tí o bá ka èyí tán, lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ kó sọ bí òun ṣe rí i, kí o bi bàbá rẹ pẹ̀lú. Tí tiwọn bá yàtọ̀ sí tèmi, kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé yìí, mo ti fi àyè sílẹ̀. Lẹ́yìn náà kí o wá bá mi. Ọ̀rọ̀ kan wà tí ìwọ àti màmá àgbà jọ sọ lẹ́yìnkùlé ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo sì gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé. Mi ò kọ ọ́ síbí, torí mo fẹ́ fi ẹnu ara mi sọ ọ́ fún ọ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ